Àpá Eyín Mẹ́rin Lẹ́sẹ̀ Ọmọláńgidi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní ìyá láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán ná, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ọkùnrin kan wà tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà. Bí ọkọ̀ bá forí sọ ògiri tí ara rẹ̀ tẹ̀ wọlé, yóò fi pọ́tì dí i, yóò fi sáńpépà họ ọ́, yóò fín ọ̀dà sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ gan-an ò ní mọ ibi tó ti tẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọwọ́-Idán, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn gan-an.

Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí ọmọláńgidi ló ń jókòó sí: àwọn oníjàkadì àtijọ́ tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí wọn ò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó kó wọn jọ kún yàrá kan. Yóò fi omi gbígbóná mú wọn rọ̀, yóò yọ orí eléyìí fi sọ́rùn tọ̀hún, yóò wá kùn wọ́n lọ́dà tuntun. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àgbàlagbà tó ń ṣe é pọ̀, wọ́n tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ lórí fóònù.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú màmá ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ọmọláńgidi kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ màmá, kì í sì í jẹ́ kó kúrò níbi ìrọ̀rí òun. Bàbá wọn ló rà á fún Ọwọ́-Idán nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Àmọ́ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kékeré, tó ń hu eyín nígbà náà, ló gé e jẹ lẹ́sẹ̀ òsì. Eyín mẹ́rin péré ni ọmọ náà hù tí ibà fi pa á. Wọn ò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Àràárọ̀ ni màmá máa ń fi àtàǹpàkò wá àpá eyín mẹ́rin yẹn, á ní, "Kékeré mi, ṣé o jí ire?" Ohun tó kù fún un lára ọmọ yẹn nìyẹn.

Ẹgbẹ́ wá ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tó lè tún ògbólógbòó ọmọláńgidi ṣe jù. Irú tọwọ́ màmá yìí, ẹnì kankan ò ní in nínú wọn. Ara Ọwọ́-Idán ò gbà á mọ́.

"Màámi, ẹ yá mi lọ́sẹ̀ kan péré. Mo fẹ́ tún un ṣe, á dà bíi tuntun."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ tuntun?"

"Èmi ṣáà ni Bàbá rà á fún!"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ dàgbà, o ti kó òmíràn jọ rẹpẹtẹ. Fi ọ̀kan yìí sílẹ̀ fún àbúrò ẹ."

Ṣé ó gbọ́? Kò gbọ́ o. Ó wá ọmọláńgidi mìíràn tó jọ ọ́, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó sì fi eyín ara rẹ̀ gé e lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí màmá ń wẹ̀ láàárọ̀, ó pààrọ̀ wọn. Lọ́kàn tiẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré ni, òun á dá a padà. Ta ló sì máa mọ̀? Ẹni tí ò ríran!

Lọ́jọ́ kìíní, ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó wò ó, ẹsẹ̀ yẹn ló ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ló bá mú sáńpépà. Ó họ ọ́ títí ó fi dán, ó kùn ún, ó sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, màmá pè é.

"Ọkọ mi, wá bá mi wò ó. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, eyín yìí fẹ̀ jù lọ́wọ́ mi."

"Màámi, àgbà ti ń dé ni. Ẹ ti gbàgbé bó ṣe rí."

Háà! Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ fún ìyá! Èyí tó wá burú jù ni pé màmá gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bẹ òkú: "Kékeré mi, má bínú. Ìyá ẹ ti gbàgbé ẹ." Kò jẹun, kò sùn. Nígbà tí àbúrò màmá obìnrin wá kí i, tó ní kó tọ́ ẹ̀kọ wò díẹ̀, màmá ní, "Ìyá tó gbàgbé eyín ọmọ ẹ̀, kí ló fẹ́ jẹun fún?"

Ẹnu ọ̀nà ni Ọwọ́-Idán dúró sí nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Fóònù ń dún lápò rẹ̀, wọ́n ń kí i pé òun ló gbégbá orókè. Ó sáré lọ mú ọmọláńgidi gidi, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fi í sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Àtàǹpàkò màmá lọ sí ẹsẹ̀ òsì. Ó wá a títí. Ó tún yẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún wò.

"Ibo ló wà?"

"Mo ti họ ọ́, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́... mo lè ṣe òmíràn."

Màmá ò pariwo. "Ibà ló gba Kékeré lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kìíní. Ìwọ lo gbà á lẹ́ẹ̀kejì. O tún wá ní èmi ni mo gbàgbé."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni màmá tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ sílé tiẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Ọwọ́-Idán ń lọ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Màmá ò ṣépè fún un o, ì bá tiẹ̀ sàn kó ṣépè. Ńṣe ló ń kí i bí ẹni tó ń kí àlejò: "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá." Ìyá tó bí i lọ́mọ! Oṣù kẹrin lẹ́yìn tó lọ ni màmá kú, kò sì pè é ní ọkọ mi mọ́ títí ó fi dákẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kíyè sára. Ohun tí òbí yín bá fi pamọ́, bó ti wù kó jọ pàǹtí lójú yín, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbà. Ẹ má ṣe torí pé ojú wọn ti fọ́ kẹ́ ẹ máa rẹ́ wọn jẹ, ẹ má sì ṣe torí ìyìn àwọn tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ba ọkàn ẹni tó bí yín jẹ́. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀.