Awọ Ẹkùn Ilé Lájùwọ̀n

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́sẹ̀ yìí tí Baba Lájùwọ̀n gbé awọ ẹkùn ìdílé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì àyẹ̀wò oyè, sùúrù Ìbídùn, òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ yẹ nǹkan wò níbẹ̀, sì ti tán pátápátá. Ìdílé tó bá ń du oyè kò lè wọ ìdíje láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ka purotéènì inú ohun àjogúnbá rẹ̀, kó sì jẹ́rìí pé ojúlówó ni.

"Baba, mo ti ṣàlàyé. Àwọn èròjà purotéènì máa ń tò tẹ̀lé ara wọn bíi lẹ́tà inú orúkọ. Bí ti ẹkùn ṣe tò kọ́ ni ti ewúrẹ́ ṣe tò. Ewúrẹ́ lèyí."

"Etí lo gé lánàá. Gé ibi ìrù wò, ọmọ mi."

Ìbídùn pòṣé, ó gé bíńtín, ó fi sínú ẹ̀rọ. Ewúrẹ́ náà ni.

"Kí lẹ tún ń wá báyìí, baba?"

Ohùn baba lọ sílẹ̀. "Eku ló jẹ ti gidi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìṣojú mi ni ìyá mi ti fi awọ ewúrẹ́ rán òmíràn, tó kun àmì sí i lára. Mo ní bóyá ojú mi ló tàn mí."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Ajé!" Tìbínú-tìbínú ló fi fọwọ́ sí ìwé pé ilé Lájùwọ̀n ti kúrò nínú ìdíje.

Baba ká awọ náà jẹ́jẹ́. "Ẹ̀rọ yín kò lè mọ ẹni tó rán an?"

"Kò lè mọ̀ ọ́n, baba."

"Àṣàbí ni. Bá mi kọ ọ́ síbẹ̀."

Ìbídùn mí kanlẹ̀, ó fa ìwé náà mọ́ra padà, ó sì kọ ọ́.