Kí Àrá Tó Sán

"Tún un sọ, dìndìnrìn! Bí mànàmáná bá kọ ńkọ́?"

"Màá máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán," ni ìyàwó dáhùn. "Mẹ́ta ni kìlómítà kan."

"Tí kò bá pé ọgbọ̀n, pariwo kí n sọ̀ kalẹ̀. Etí a máa tanni, ìṣirò kì í tanni. Irin ni mo fẹ́ gùn yìí, irin sì ni iná ojú ọ̀run ń wá."

Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ awojú-ọjọ́ gun òpó irin, ó ki orí bọ inú àpótí ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Kò rí ojú ọ̀run mọ́. Òjò ṣú dùdù. Ìyàwó rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú. Àná ló kà á ṣì, tí ọkọ fọ́ ọ létí.

Mànàmáná kọ. Ó kà dé mẹ́fà, àrá sán.

"Mélòó?"

"Ogójì, olówó orí mi."

Ọkọ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Ìgbátí kan péré, ọpọlọ ti jí!"

Ìyàwó kúrò nídìí òpó, ó rìn jìnnà réré. Ó lóṣòó, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó fọwọ́ di etí méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ láti ṣe bí àrá bá sún mọ́ tòsí.