Òkú Tó Gbé Ìbọn

"Ẹ gbé orí ẹ̀ sókè!" ni sájẹ́ǹtì wí. Sójà méjì gbé òkú apẹja náà jókòó, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ọkọ̀ rẹ̀ létí ọ̀sà ní Àpá. Eṣinṣin ń wọ ẹnu rẹ̀. Obìnrin onífọ́tò tutọ́ sílẹ̀.

Ìyàwó tuntun àti ọmọ ìkókó ló máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Badagry. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti ti ibodè, oníbàárà ti wọ́n, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yìí kọ́ ló ń wá. Àwọn sójà ló lọ fi mọ́tò gbé e wá.

"Kí ló ṣe, sà?"

"Onífàyàwọ́ ni. Ó yìnbọn sí wa."

Ó wo inú ọkọ̀ náà. Àwọ̀n àti ẹja nìkan ló rí. Sájẹ́ǹtì mú ṣakabùlà kan jáde látinú mọ́tò wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká ìka òkú náà mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣe kíá, ìwọ obìnrin yìí!"

"Mo ń ṣe é, sà."

Nírọ̀lẹ́, sájẹ́ǹtì wá gba fọ́tò náà ní ṣọ́ọ̀bù. Òkú wà níbẹ̀ tòun tìbọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Onífọ́tò wá pe ìyá apẹja náà, tó ti fara pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọlé, ó na fọ́tò mìíràn sí i. Nínú èyí, sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ hàn kedere, ó ń fi ìbọn sọ́wọ́ òkú.

Ìyá náà wò ó pẹ́. Kò sunkún.

"Ọmọ mi," ó ní, "bá mi fọ ogún irú èyí sí i."