Alùpùpù Tí Kì Í Pariwo

Inú ń bí Alága. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí fóònù.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù tí bàbá rẹ̀ gùn títí tó fi darúgbó ti gbé tuntun jáde láàárọ̀ yìí. Kì í mu epo. Kì í pariwo. Bátìrì ló ń lò.

“Alùpùpù tí wọ́n ń cháàjì!” Ó fi ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ alùpùpù àtijọ́. “Ṣé fáànù la fẹ́ máa gùn ni?”

“Alága, ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi!” Akápò ló dáhùn.

“Èmi ò ní fojú kàn án, ká má tíì sọ pé màá gùn ún.” Akọ̀wé nìyẹn.

“Ó dáa. Ẹni tó bá rà á, a máa lé e kúrò lẹ́gbẹ́. Ṣé a fẹnu kò?” Alága ló béèrè.

“A fẹnu kò!” Gbogbo wọn pátá ni.

Alága mí kanlẹ̀. Ó dé àṣíborí, ó fa gíláàsì dúdú rẹ̀ bojú, ó sì jáde.

Ìlà ti gùn nínú ṣọ́ọ̀bù alùpùpù nígbà tó fi débẹ̀. Ooru mú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bọ́ àṣíborí.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra oníbátìrì, ẹ sún síwájú!” Olùtajà ló ń pariwo.

Alága sún síwájú. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ ká a mọ́. Ló bá rọra tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù ẹgbẹ́: “Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé gbogbo yín wà nílé?”

Gbogbo àpò tó wà lórí ìlà dún lẹ́ẹ̀kan náà.



Ohùn Akápò wá jáde látinú àṣíborí iwájú: “Alága, ẹ kú orí ìlà o.”