Òkúta Ìrántí Sójà Bàálù

Hámà Wahab ń dún gbàù lẹ́yìnkùlé wọn ní Agége.

Ó ń fọ́ òkúta ìrántí sójà bàálù tí wọ́n ní ogun Hítílà gbé lọ.

Ọdún kejìlá rèé tí ìdílé wọn ń pa àgbò nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òrùlé ń jò. Ó ti sú u.

Ìyá Fàúsát, àbúrò bàbá Wahab, sáré jáde.

"Wahab, ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Ìyá, ẹ fi owó àgbò ra páànù."

"Akọni nìyẹn! Ó wọ bàálù! Ìwọ tó ń di ọṣẹ sí páálí ní Ìkẹjà ńkọ́?"

Ó ku ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Wahab Àlàmú. Orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ìwé ikú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ti ojú ogun délé; òun alára dé láàyè lẹ́yìn oṣù méje, síbẹ̀ wọn ò dá àgbò dúró.

Ó fọ́ ọ, ó kó àfọ́kù dí kòtò ẹnu ọ̀nà, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.