Orúnkún Àṣàkẹ́

Láràárọ̀ ni èmi àti Àṣàkẹ́, ọmọ ọmọ mi, ń dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń pín oògùn làkúrègbé.

Ẹ̀rọ náà wo orúnkún mi. “Ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ẹ gbé oògùn yìí mì níṣojú mi, Màmá.” Mo gbé e mì.

Ó wo ti Àṣàkẹ́ tó wú ju tèmi lọ. “Ọdún mẹ́sàn-án. Làkúrègbé kì í mú ọmọdé níbí.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, irin burúkú?”

“Kò sí ọmọdé ìlú yín kankan nínú àkọsílẹ̀ mi, Màmá.”

A kọrí sílé. Okùn bàtà ọmọ náà tú, kò sì lè bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo rí oògùn lò ni mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti so ó.

Ó bú sẹ́kún. “Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ fún yín.”