Hẹ́dífóònù Ìyá Ọkọ

“Yọ ọ́! N ò gbọ́ nǹkan kan.”

Hẹ́dífóònù kẹta tí ìyá àgbà náà kọ̀ nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀.

“Mọ́mì, kẹ́ ẹ má baà gbọ́ náà ni! Ẹ ní ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ yín ló gbé yín wá. Èyí ń dí ariwo, ohùn kì í sì í jò níbẹ̀.”

“O ṣeun, ọ̀jọ̀gbọ́n.” Ó gbé hẹ́dífóònù ràgàjì mìíràn dé orí. “Sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.”

“Èyí ò dí nǹkan kan o,” ni ọlọ́jà wí.

“Mo gbọ́ ọ ketekete. Dì í fún mi. Tí mo bá ti wọlé, ṣe ni tọkọtaya ń panu mọ́. Tí wọ́n bá rí èyí létí mi, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé mi jù sí.”